Ọjọ́ tí Hekari United gba ife ẹ̀yẹ lọ́wọ́ àwọn New Zealand

Ọjọ́rú ni, 8 oṣù Kejìlá 2010. Arsenal fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú Partizan lálẹ́ ọjọ́ yẹn, èmi àti bọ̀dá mi sì ti tètè dé ilé ìwòran bọ́ọ̀lù àdúgbò wa ká lè ríbi jókòó níwájú, torí tó bá ti di alẹ́ tán, orí ìdúró lo máa wà títí wọ́n á fi fọn fèrè. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ló ń lọ lù. Ẹni tó ni ibẹ̀ ti tan tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ sí Club World Cup, ìdíje tí àwọn ẹgbẹ́ tó gba ife ní kọ́ńtínẹ́ǹtì kọ̀ọ̀kan máa ń gbá, tí wọ́n ń ṣe ní Abu Dhabi, kò sẹ́ni tó ń wò ó, kálukú ń sọ tiẹ̀. Al-Wahda, àwọn onílé, ló ń kojú ẹgbẹ́ kan tí wọ́n kọ orúkọ ẹ̀ sókè pé Hekari United. Mo ní, "Bọ̀dá, ibo ni wọ́n ti wá?" Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Ó máa jẹ́ Turkey."

Kọmẹntétọ̀ ló là wá lóye pé Papua New Guinea ni. Àwọn ọmọ Brazil méjì tó wà ní Al-Wahda, Hugo àti Fernando Baiano, jẹ gólì méjì kí wọ́n tó lọ sinmi, Abdulraheem Jumaa fi ẹlẹ́ẹ̀kẹta kún un nígbà tí wọ́n padà wọlé. 3-0. Wọ́n ti já nìyẹn, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ṣoṣo péré. Ẹnì kan lẹ́yìn wa pòṣé, ó ní kí ni àwọn eléyìí tiẹ̀ wá ń wá nínú ìdíje àgbáyé, kí wọ́n yí ìkànnì jàre.

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Mi ò mọ ìdí tó fi dùn mí tó bẹ́ẹ̀, bóyá torí bí àwọn ọmọ yẹn ṣe ń sáré tẹ̀lé bọ́ọ̀lù títí dé ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn ni, kò sẹ́ni tó fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ nínú wọn. Àmọ́ ìbéèrè ọkùnrin yẹn ni mo gbé délé, ọ̀nà wo ni wọ́n gbà débẹ̀? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà nípa wọn lórí fóònù, mi ò sì tíì dúró látìgbà yẹn. Ohun tí mo kà yẹn ni mo fẹ́ sọ fún yín lónìí, torí mo gbàgbọ́ pé ohun tí Hekari ṣe lọ́dún 2010 wà lára ohun tó le jù tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kankan ti ṣe láyé yìí, àwọn tó mọ̀ ọ́n ò sì pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí wọ́n ti wá. Tẹ́ ẹ bá wo máàpù, Papua New Guinea wà lókè Australia. Ìdajì erékùṣù ńlá kan ni, Indonesia ló ni ìdajì kejì, wọ́n wá ní ọ̀pọ̀ erékùṣù kéékèèké míì lẹ́gbẹ̀ẹ́. 1975 ni wọ́n gba òmìnira lọ́wọ́ Australia. Èdè tó wà níbẹ̀ lé ní 800, orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo o! Èyí tó jẹ́ kí wọ́n gbọ́ra wọn yé ni Tok Pisin, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i kà ńṣe ni mo pariwo, torí ó jọ pidgin tiwa: ohun tí àwa ń pè ní "sabi", "save" ni tiwọn, ọmọ tí àwa ń pè ní "pikin", "pikinini" ni tiwọn. Wọ́n tún ní ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ràn gan-an, "wantok". Ẹni tẹ́ ẹ jọ ń sọ èdè kan náà ni wantok rẹ, tó bá dé ìlú tí kò mọ ẹnì kankan, ilé rẹ ló máa wá, o ò sì gbọ́dọ̀ lé e. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ síbẹ̀.

Port Moresby ni olú ìlú wọn, Lae ló tẹ̀ lé e. Kò sí títì tó so méjèèjì pọ̀. Òkè àti igbó tó wà láàárín wọn ò jẹ́ kí wọ́n rí ọ̀nà là. Ìyẹn ni pé tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Port Moresby bá fẹ́ lọ gbá bọ́ọ̀lù líìgì ní Lae, ọkọ̀ òfuurufú ni wọ́n máa wọ̀, agbábọ́ọ̀lù, kóòṣì, ẹni tó ń gbé omi, gbogbo wọn pátá. Líìgì abẹ́lé o, mi ò tíì sọ̀rọ̀ ìdíje ilẹ̀ òkèèrè. Tẹ́ ẹ bá ti mọ ìyẹn, ẹ ti mọ ìdí tó fi jẹ́ pé ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù níbẹ̀, ọ̀rọ̀ owó ni kó tó di ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀.

Bọ́ọ̀lù tiẹ̀ kọ́ ni eré tí ọkàn wọn wà lára ẹ̀ jù, rọ́gbì líìgì ni. Tí Kumuls, ikọ̀ rọ́gbì orílẹ̀-èdè wọn, bá ń gbá, iṣẹ́ dúró nìyẹn. Ọmọ tó bá lágbára tó sì mọ̀ ọ́n sá, rọ́gbì ló máa lọ torí ibẹ̀ lowó wà, ó sì lè gbé e dé Australia. Àwọn tó bá ní bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ làwọn fẹ́, ìfẹ́ ló ń tì wọ́n.

Ní 2003 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀ ní Port Moresby, Souths United ni wọ́n ń pè é nígbà yẹn. Ẹni tó ń náwó sí i ni John Kapi Natto, oníṣòwò, ìyàwó ẹ̀ Vonnie náà wà nídìí ẹ̀ gbọn-in gbọn-in. Ẹ máa rí i nínú àwọn ìwé ìgbà yẹn pé wọ́n ń kọ PRK mọ́ orúkọ ẹgbẹ́ náà, PRK Souths United, lẹ́yìn náà PRK Hekari United. Petroleum Resources Kutubu ni PRK, ilé iṣẹ́ tó dúró fún àwọn onílẹ̀ Kutubu, níbi tí wọ́n ti ń wa epo rọ̀bì lórí òkè lọ́hùn-ún. Owó epo ló wọ inú bọ́ọ̀lù. Àwa tá a wá láti ibi tí owó epo pọ̀ tí pápá bọ́ọ̀lù sì ń hu koríko, ó yẹ ká dúró wo ìyẹn díẹ̀.

Nígbà tí líìgì orílẹ̀-èdè wọn, NSL, bẹ̀rẹ̀ ní 2006, àwọn ló gbà á. Wọ́n tún gba èyí tó tẹ̀ lé e. Wọ́n gba ìkẹta. Wọ́n ń gbà á lọ títí di 2014, ìgbà mẹ́jọ léraléra, kò sẹ́ni tó já a gbà lọ́wọ́ wọn. Èèyàn lè sọ pé olówó ni wọ́n, ta ni wọ́n fẹ́ bá du ú, òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, àmọ́ mo ti rí ẹgbẹ́ olówó tó pọ̀ tí kò rí ife gbà lẹ́ẹ̀kan.

Semi-pro sì ni wọ́n lásìkò yìí o. Àwọn kan ń gba owó lóṣooṣù, kì í ṣe owó tí wọ́n fi ń kọ́lé, àwọn míì ní iṣẹ́ tí wọ́n ń lọ láàárọ̀ kí wọ́n tó wá sí tréníìnì nírọ̀lẹ́. Owó díẹ̀ yẹn náà ló jẹ́ kí Hekari lè ṣe ohun tí àwọn yòókù ò lè ṣe, wọ́n lọ kó èèyàn wá láti àwọn erékùṣù tó yí wọn ká. Wọ́n mú ọmọ Fiji wá, wọ́n mú ọmọ Solomon Islands wá. Simon Tamanisau tó ń ṣọ́lé fún wọn, ọmọ Fiji ni. Wọ́n wá dà wọ́n pọ̀ mọ́ àwọn ọmọ ilé bíi David Muta láàárín pápá àti Kema Jack níwájú. Ibi tí mo ti ní kí ẹ fi wantok sọ́kàn nìyí. Ní ilẹ̀ tí kálukú ti ń wá ẹni tó ń sọ èdè ẹ̀ kó tó fọkàn tán an, ẹgbẹ́ yìí kó ọmọ orílẹ̀-èdè mẹ́ta jọ sínú yàrá kan, wọ́n ní gbogbo yín ti di wantok. Mo rò pé ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti borí, kí wọ́n tó wọ pápá rárá.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wá lọ sí 2010.

Ìdíje àwọn ẹgbẹ́ Oceania, ìyẹn New Zealand àti àwọn erékùṣù inú òkun Pacific, láti ọdún 1987 tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é, ẹgbẹ́ Australia àti ti New Zealand nìkan ló ń gbà á. Adelaide City, South Melbourne, Wollongong Wolves, Sydney FC, Australia ni gbogbo wọn. Australia wá kó ẹrù ẹ̀ lọ sí Asia ní 2006, àwọn erékùṣù rò pé ààyè ti ṣí sílẹ̀ fún wọn. Ó tì o. New Zealand jókòó sórí àga náà: Auckland City gbà á 2006, Waitakere United gbà á 2007, wọ́n tún gbà á 2008, Auckland City tún padà gbà á 2009. Ẹgbẹ́ Fiji, Vanuatu, Solomon, New Caledonia, Tahiti, gbogbo wọn ń lọ, wọ́n ń padà bọ̀ lọ́wọ́ òfo.

Hekari jáde nínú ìsọ̀rí tiwọn, níbi tí wọ́n ti bá Lautoka ti Fiji, Tafea ti Vanuatu àti Marist ti Solomon Islands jà. Nínú ìsọ̀rí kejì, Waitakere ló jáde. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjì ni àṣekágbá, ọ̀kan nílé, ọ̀kan lóko. Ẹ má gbàgbé irú ọdún tí 2010 jẹ́ fún bọ́ọ̀lù New Zealand, ọdún yẹn gan-an ni wọ́n lọ World Cup ní South Africa tí wọ́n ta ọ̀mì nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Italy tó gba ife tẹ́lẹ̀ wà nínú ẹ̀, tí kò sì sí ẹni tó nà wọ́n. Ilẹ̀ tó ń ṣe dáadáa tó báyẹn ni Hekari fẹ́ lọ bá jà.

Oṣù Kẹrin ni wọ́n gbá ti àkọ́kọ́ ní Port Moresby. Pápá tí wọ́n lò, pápá rọ́gbì ni! Ibi tí àwọn èèyàn yẹn ti máa ń wá wo Kumuls, ibẹ̀ ni wọ́n wá láti wo bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, pẹ̀lú buai lẹ́nu, buai ni èso kan tí wọ́n máa ń jẹ bí àwọn bàbá wa ṣe ń jẹ obì, ó máa ń sọ itọ́ èèyàn di pupa fòò. Ooru Port Moresby yàtọ̀ sí òtútù Auckland, ẹni tó bá ti New Zealand wá máa mọ̀ ọ́n lára. Hekari nà wọ́n 3-0. Mo ti wo gólì yẹn lórí íntánẹ́ẹ̀tì àìmọye ìgbà, àwòrán ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ mọ́, àmọ́ ariwo ibẹ̀, áà, ńṣe ló dà bíi pé ilé fẹ́ wó. Kò sí ẹgbẹ́ erékùṣù kankan tó tíì ṣe irú ẹ̀ sí New Zealand ní àṣekágbá.

Ó wá ku ti èkejì. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún, ní New Zealand. Gbogbo ẹni tó bá mọ bọ́ọ̀lù ló mọ̀ pé 3-0 ò tíì parí ọ̀rọ̀, a ti rí i níbi púpọ̀ tí wọ́n ti dá a padà. Waitakere jẹ méjì. Àmọ́ Hekari náà jẹ ọ̀kan níbẹ̀, nílé onílé, ọ̀kan yẹn ló sì pa iná gbogbo ẹ̀. 2-1 ni wọ́n fi pàdánù lọ́jọ́ yẹn, 4-2 ni wọ́n fi borí nígbà tí wọ́n ro méjèèjì pọ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún 1987, ife àwọn ẹgbẹ́ Oceania bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe Australia tí kì í sì í ṣe New Zealand.

Bí wọ́n ṣe dé Abu Dhabi lóṣù Kejìlá nìyẹn. Ẹni tó ń pòṣé lẹ́yìn wa kò mọ̀. Èmi náà ò kúkú mọ̀ nígbà yẹn. Owó tí wọ́n fún ẹgbẹ́ tó ṣe ìkeje, $500,000, owó kékeré ni fún Inter Milan tó gba ife náà, àmọ́ fún ẹgbẹ́ tó ń wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ gbá líìgì, owó ńlá gidi ni. Ìdíje yẹn kan náà sì ni TP Mazembe ti Congo ti nà Pachuca, tí wọ́n nà Internacional ti Brazil 2-0, tí Kidiaba aṣọ́lé wọn ń fi ìdí fò káàkiri ilẹ̀, tí wọ́n di ẹgbẹ́ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó dé àṣekágbá, kí Inter tó nà wọ́n 3-0. Ilé ìwòran wa kún àkúnya lọ́jọ́ yẹn, gbogbo wa ti di ará Lubumbashi. 3-0 tí Inter na Mazembe, a pàtẹ́wọ́ fún Mazembe. 3-0 tí Al-Wahda na Hekari, a pòṣé. Mo máa ń rò ó dáadáa, torí ọ̀nà tí Hekari rìn dé Abu Dhabi jìn ju ti Mazembe lọ.

Ohun tó tẹ̀ lé e ò dùn tó bẹ́ẹ̀, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Láti 2011 dé 2017, Auckland City gba ife náà ní ọdọọdún, ìgbà méje tọ̀ọ̀tọ̀ọ̀. Nílé, Lae City Dwellers gba líìgì mọ́ Hekari lọ́wọ́ ní 2015. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìjà àjọ bẹ̀rẹ̀. Ìbò àjọ bọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè wọn ní 2016 dá wàhálà sílẹ̀, David Chung ló wọlé, ó ti wà nípò náà tipẹ́, John Kapi Natto ló sì fẹ́ bá a du ipò. Nígbà tó di 2017, wọ́n ti pín sí méjì, àjọ méjì, líìgì méjì, ní orílẹ̀-èdè tí owó líìgì kan ṣoṣo ò rọrùn láti rí. Òpin 2018 ni wọ́n tún dìbò, Kapi Natto wọlé gẹ́gẹ́ bíi ààrẹ. Mi ò fẹ́ sọ ta ló jàre, ohun tí mo mọ̀ ni pé àwọn ọmọ tó yẹ kí wọ́n wà lórí pápá láwọn ọdún yẹn, ọdún wọn ló ṣòfò, ẹsẹ̀ agbábọ́ọ̀lù kì í sì í dúró de ìpàdé.

Ohun tó ká mi lára jù nínú ẹ̀ ni pé ìgbà yẹn gan-an ni bọ́ọ̀lù ń gbèrú níbẹ̀. Ní oṣù Kẹfà 2016, ikọ̀ orílẹ̀-èdè wọn dé àṣekágbá OFC Nations Cup (OFC ni àjọ bọ́ọ̀lù Oceania) nílé wọn ní Port Moresby, wọ́n dá New Zealand dúró ní 0-0, pẹnáritì ló já wọn. Lọ́dún kan náà wọ́n gba àlejò World Cup àwọn obìnrin tí ọjọ́ orí wọn ò tíì tó 20. Falconets wa lọ síbẹ̀! Gbogbo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ wọn ni mo wò, wákàtí mẹ́sàn-án ni wọ́n fi ṣáájú wa lọ́hùn-ún, bí wọ́n bá ń gbá a nírọ̀lẹ́ tiwọn, àwa ò tíì jẹun àárọ̀ tán. Japan nà wá 6-0, ó dùn mí wọra, àmọ́ a na Canada 3-1, a sì na Spain 2-1, ìyàtọ̀ tó wà láàárín gólì tá a jẹ àti èyí tí wọ́n jẹ wọlé wa ni kò jẹ́ ká tẹ̀ síwájú. Bí mo ṣe ń wo àwọn ọmọ wa lórí pápá Port Moresby yẹn, Hekari ni mo ń rántí.

Ní 2019, Hienghène Sport ti New Caledonia náà gba ife Oceania, wọ́n sì lọ bá Al-Sadd tí Xavi ń kọ́ jà ní Doha, ó di àfikún àkókò kí wọ́n tó nà wọ́n 3-1. Inú mi dùn fún wọn. Hekari àti Hienghène, àwọn méjì péré ló tíì rí i gbà, títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, nínú gbogbo àwọn erékùṣù kéékèèké yẹn.

Mo tiẹ̀ ti ń rò pé Hekari ti di ìtàn, àfi bí wọ́n ṣe padà dé. Oṣù Kẹrin 2025, wọ́n tún wà ní àṣekágbá, ní Honiara ní Solomon Islands, Auckland City ló tún wà níwájú wọn. Ọdún 15 gééré lẹ́yìn ti Waitakere. Auckland nà wọ́n 2-0. Mi ò sọ̀rọ̀ sókè lọ́jọ́ yẹn, mo kàn pa fóònù, mo jáde lọ fọ aṣọ. Auckland City yìí náà ló lọ Club World Cup ní Amẹ́ríkà ní oṣù Kẹfà, tí Bayern jẹ gólì 10 wọlé wọn, tí gbogbo ayé ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, kí wọ́n tó wá ta ọ̀mì 1-1 pẹ̀lú Boca Juniors. Semi-pro làwọn náà. Nígbà tí àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín nítorí 10-0 yẹn, ńṣe ni mo ń sọ fún wọn pé ẹ lọ wo ẹni tí àwọn wọ̀nyí nà kí wọ́n tó débẹ̀, ẹ lọ wo bí ẹni yẹn náà ṣe le tó.

Ní báyìí, OFC ti dá líìgì pro sílẹ̀, ẹgbẹ́ mẹ́jọ, ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní 2026: méjì láti New Zealand, South Melbourne láti Australia, ọ̀kọ̀ọ̀kan láti Fiji, Vanuatu, Tahiti àti Solomon Islands. Ti Papua New Guinea, PNG Hekari ni orúkọ ẹ̀. Àwọn tó máa ń ti ibi iṣẹ́ wá sí tréníìnì ti ń gbowó bọ́ọ̀lù wàyí, wọ́n sì jọ wà nínú líìgì kan náà pẹ̀lú àwọn Auckland FC (kì í ṣe Auckland City o) tí olówó gidi wà lẹ́yìn wọn. Mo mọ̀ pé kò ní rọrùn. Ọkọ̀ òfuurufú ṣì wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ọ̀nà wá jìn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Nígbà tí mo gbọ́ ìròyìn líìgì yìí ni mo pe bọ̀dá mi lórí fóònù. Wọn ò gbé ní àdúgbò yẹn mọ́, ilé ìwòran náà ti di ṣọ́ọ̀bù báyìí. Mo ní, "Bọ̀dá, ṣé ẹ rántí Hekari?" Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Àwọn tí mo pè ní Turkey lọ́jọ́sí yẹn? Wọ́n ṣì wà?" Mo ní wọ́n wà. Wọ́n ní, "Tí wọ́n bá fẹ́ gbá, sọ fún mi kí n wò ó." Mo ní tó bá jẹ́ aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tiwọn, aago méje àárọ̀ tiwa ni o, wọ́n ní kò sí wàhálà, àwọn á ti jí.